Ẹ Bi Bàbá Wáyà: Ta ló ń pẹ́, ayé ni àbí aago rẹ?

Lóṣù tó kọjá, ìlà méjì péré ni mo fi fẹnu ba ọ̀rọ̀ FT8. Mo ní òun ni mo fi ń kí àwọn èèyàn ilẹ̀ òkèèrè láti ojú fèrèsé mi ní Woolwich, ní London. Ìlà méjì yẹn ló kó lẹ́tà wá bí òjò. Ẹni tí kò bá ka ti ọjọ́sí, ọ̀rọ̀ náà ò le: èèyàn tó ní láísẹ́ǹsì ham rédíò, ìyẹn rédíò tí aráàlú ń lò fún ìgbádùn ara rẹ̀, lè so rédíò mọ́ kọ̀ǹpútà, kó máa ránṣẹ́ lórí shortwave, orí ìgbì tí àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ BBC. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín, kò sí òpó fóònù, òfuurufú nìkan ni. Kọ̀ǹpútà á sọ ọ̀rọ̀ di ohùn bíi ti fèrè, rédíò á jù ú sókè, kọ̀ǹpútà ẹni tó wà lọ́nà jíjìn á sọ ohùn náà di ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é pọ̀, àmọ́ FT8 ló gbòde. Lẹ́tà márùn-ún ni mo mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti di oṣù mẹ́ta tí mo yege ìdánwò Foundation, láísẹ́ǹsì ìpele àkọ́kọ́ níhìn-ín. Mo ra rédíò àlòkù, mo ta wáyà sẹ́yìn ilé, mo gbé FT8 sórí 14.074 MHz. Mo ń rí àwọn èèyàn lójú kọ̀ǹpútà, Ítálì, Rọ́ṣíà, Sípéènì. Mo pe CQ, ìpè sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́, títí ó fi sú mi, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ṣé wáyà mi ló kúrú ni, àbí wáàtì mi ló kéré?" (Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds)

Ọmọ Ìjẹ̀bú, má tíì fọwọ́ kan wáyà, má sì tíì náwó. Wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ ná. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan tí WSJT-X, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tú FT8, ń kọ, aago ló kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà nọ́ńbà tó ń sọ bí ohùn ẹni náà ṣe lágbára tó, lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ DT sí lórí. DT yìí ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹni náà fi pẹ́, tàbí tó fi yá, sí aago tìrẹ. Tó bá jẹ́ 0.1, 0.3, -0.2, kò séwu. Mo fẹ́ kó o ka tìrẹ kó o tó ka èyí tó kù.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, alẹ́ méjì gbáko ni mo fi pariwo. Àjà kẹta ni mò ń gbé. Wáyà bíi mítà mẹ́wàá ló gba ojú fèrèsé mi bọ́ sórí igi ìsàlẹ̀. Àwòrán tó máa ń ṣàn wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, tí ohùn kọ̀ọ̀kan ń fa ìlà tirẹ̀ sí, kún bámúbámú, síbẹ̀ ẹni mẹ́ta mẹ́rin péré ni ètò náà ń rí kà nínú wọn. Mo pe títí. Nígbà tó fi di alẹ́ ọjọ́ kejì, mo ti tú wáyà kúrò lórí igi, mo ti tún un so, mo ti ń bá ìyàwó mi fa ọ̀rọ̀ pé ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀ ló ń dí mi lọ́wọ́. Ìgbà tí mo wá jókòó pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tíì ni ojú mi tó bọ́ sí DT: 2.3, 2.4, 2.2, 2.4. Ará Ítálì pẹ́, ará Fíńláńdì pẹ́, ará Pólándì náà pẹ́. Mo ní ṣé gbogbo ayé ló sun àsùnjù ni? Kò sẹ́ni tó pẹ́ o, èmi ni mo yá. Kọ̀ǹpútà mi ti fi ìṣẹ́jú àáyá méjì lé díẹ̀ sáré kọjá. Èmi tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń gbé mi dé Greenwich, níbi tí gbogbo ayé ti ń wọn aago!

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé FT8 gé ìṣẹ́jú kan sí mẹ́rin, ìṣẹ́jú àáyá 15 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohùn fúnra rẹ̀ gba 12.64 nínú rẹ̀, ìyókù ni kọ̀ǹpútà fi ń tú u. Tí ìwọ bá sọ̀rọ̀ ní ìdá kan, ìwọ á dákẹ́ ní ìdá kejì kí ẹlòmíì fèsì. Ẹni tó bá wọlé ṣáájú àkókò, ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ nígbà tí etí ò tíì ṣí. Má jẹ́ kí aago rẹ fi ju ìṣẹ́jú àáyá kan yàtọ̀ sí ti ayé. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa gba aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì lemọ́lemọ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí, GPS kékeré tó ń wọ ojú USB á ṣe é.

Tí aago bá wá pé, tí wọn ò sì dá ọ lóhùn, á jẹ́ pé ohùn tó ń ti kọ̀ǹpútà wọ inú rédíò ló pọ̀ jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ a máa yí i sókè bí ẹni ń yí ẹ̀rọ ìlù òde ìnáwó. Ohùn tó pọ̀ jù máa ń fọ́ ni, ìlà rẹ kan á di mẹ́ta mẹ́rin lójú àwọn ẹlòmíì, o ò ní dé ibi tó ò ń lọ, o ò sì ní jẹ́ kí aládùúgbò rẹ gbádùn. Yí i wálẹ̀ títí abẹ́rẹ́ ALC, èyí tó ń fi hàn lójú rédíò pé ohùn ti pọ̀ jù, fi máa dákẹ́. Pa ẹ̀rọ tó ń kún ohùn ẹnu. USB ni kí rédíò wà, ìyẹn upper sideband, kì í ṣe ojú USB ti kọ̀ǹpútà.

Ní ti wáàtì, láti oṣù kejì 2024 ni Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò níhìn-ín, ti gba ẹni tó ní Foundation láyè dé wáàtì 25. Mẹ́wàá ni tẹ́lẹ̀. Mẹ́wàá yẹn gan-an tó. Ogún ni mo fi sí tèmi. Mo gbìyànjú ọgọ́rin rí, fún wákàtí kan, nígbà tí mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rédíò, ó gbóná bí ìkòkò àmàlà. FT8 kì í mí láàárín ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fẹnu sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn. Kó o tó wá bú wáyà rẹ, ṣí ojúlé PSK Reporter lórí fóònù, kó o tẹ àmì ìpè rẹ, orúkọ tí láísẹ́ǹsì fún ọ lórí afẹ́fẹ́, sí i. Á fi gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ hàn ọ́ lórí àwòrán ayé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ń gbọ́ ọ ní Kánádà, kó jẹ́ pé orí ẹlòmíì lò ń pè sí. Wá ibi tó ṣófo nínú àwòrán tó ń ṣàn yẹn. Ibi tí ohùn kan ń gbà kò ju 50 Hz lọ.

"Bàbá Wáyà, ẹ gbà mí o. Láti ìgbà tí Bàbá Ìbejì ti fẹ̀yìn tì ló ti gbé rédíò kan sí yàrá ẹ̀yìn. Tó bá ti di aago mọ́kànlá alẹ́, á tilẹ̀kùn mọ́rí, ẹ ó sì máa gbọ́ fìììì, fìììì. Mo yọjú lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ẹnì kan ní Brazil ló ń kọ̀wé sí. Kí ni wọ́n ń sọ tí kò ṣeé sọ lórí WhatsApp ní ojútáyé?" (Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn)

Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Bàbá Ìbejì á foríjì mí, mo fẹ́ tú àṣírí rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ ń kọ ni CQ, àmì ìpè rẹ̀, JJ17. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́, Ìbàdàn rèé. Wọ́n ti fi ìlà gé àwòrán ayé sí igun mẹ́rin mẹ́rin, Ìbàdàn bọ́ sínú JJ17, Èkó JJ16, Òṣogbo JJ27. Ẹni tó wà ní Brazil á kọ àmì ìpè àwọn méjèèjì àti igun tirẹ̀. Bàbá Ìbejì á ní -12, ìyẹn ni bó ṣe gbọ́ ọ sí. Ẹni yẹn á ní R-09, pé òun ti gbà, òun náà gbọ́ báyìí báyìí. RR73. 73. Ó parí. Ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìyàwó ẹnikẹ́ni. (RR73 yẹn ń pa mí lẹ́rìn-ín. "Ó ti dé ọwọ́ mi, ó dìgbà" ni ìtumọ̀ rẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wá a bí igun lórí àwòrán ayé, inú òkun oníyìnyín lápá òkè pátápátá ayé lẹ ó bá a, níbi tí oníham kankan ò gbé.)

Èèyàn lè kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ o, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ lẹ́tà mẹ́tàlá péré ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan, àlàfo wà nínú rẹ̀. Mo kà á fún yín: MO FERAN RE, mọ́kànlá ni, ó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà gàdàgbà ni, kò lámì ohùn, kò ní àmì abẹ́ lẹ́tà, gbogbo ayé tó bá sì wà lórí báńdì lákòókò yẹn ló ń kà á bó ṣe ń jáde. Òfin ham kò gbà kí èèyàn fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lórí afẹ́fẹ́. Ọkùnrin tó fẹ́ yan àlè, ibẹ̀ kọ́ ni yóò gbà.

Kí ló wá dé tí kò fi lo WhatsApp? Nítorí ẹlòmíì ló ń bá a gbé WhatsApp. Èyí, òun ló gbé e fúnra rẹ̀. Iná tó fi ń gbé e lè má tó ti gílóòbù pupa àtijọ́ kan, ó gòkè lọ bá ìpele òfuurufú tí oòrùn ti yọ́ fún un, ó ta padà sílẹ̀, ó tún gbéra, títí ó fi dé Bahia ní Brazil, bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà. Tó bá fi máa débẹ̀, ariwo ti bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí -20 lójú kọ̀ǹpútà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí ariwo bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ohùn yẹn jẹ́ ọ̀kan. Ẹ sì mọ̀ pé ìyá tó wà láàárín ọjà Ọjẹ́ lọ́jọ́ ọjà yóò dá ohùn ọmọ tirẹ̀ mọ̀. Irú etí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Princeton, Joe Taylor, òun àti Steve Franke ló gbé e jáde ní 2017. F àti T jẹ́ lẹ́tà orúkọ wọn, 8 jẹ́ iye ohùn tó ń lò. Taylor yìí àti Russell Hulse ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti fíísíìsì ní 1993, nítorí ìràwọ̀ kan tí wọ́n rí ní 1974, tó ń ta ìgbì rédíò bí ẹni ń lu agogo láti ọ̀nà tí kò ṣeé rìn. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ dẹ etí sí ohun tó fẹ́lẹ́ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ dùndún, á tètè yé yín. Onílù kì í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó sì dákẹ́, nítorí ohùn mẹ́ta tí a ní, orúkọ ẹni méjì lè dọ́gba. Ó máa ń na ọ̀rọ̀ náà gùn ni, á fi oríkì kún un, kí ẹni tó gbọ́ ààbọ̀ lè mọ èyí tó kù. Kọ̀ǹpútà Bàbá Ìbejì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ ránṣẹ́ jẹ́ bíìtì 77, ìyẹn òdo àti ọ̀kan tí kọ̀ǹpútà ń kà. Kó tó jáde ó ti di 174.

Ti pé kì í tètè sùn, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. 7.074 ló sábà máa ń dára lóru. Ẹ sọ fún un pé mo ní kó gbìyànjú 21.074 àti 28.074 lọ́sàn-án. Á bá ará Brazil rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin náà á sì rí i lálẹ́.

"Uncle, Technician licence ni mo ní, Houston ni mo wà. Wọ́n ní n kò lè ṣe FT8 lórí 14.074. Ṣé òótọ́ ni?" 

Òótọ́ ni. Lórí shortwave, báńdì mítà mẹ́wàá nìkan ni FCC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò ní Amẹ́ríkà, gbà kí Technician, láísẹ́ǹsì ìpele àkọ́kọ́ wọn, ti lo irú èyí, láti 28.0 dé 28.3. Ó dùn pé 28.074 tí FT8 ń gbé wà láàárín rẹ̀, wọ́n sì fún ọ ní 200 wáàtì tí o kò nílò. Má jáfara, báńdì yẹn ń jẹ nínú agbára oòrùn, oòrùn sì ti dé góńgó rẹ̀ ní nǹkan bí 2024, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Láàárọ̀ Houston, nígbà tí oòrùn bá wà lókè lọ́dọ̀ yín àti lọ́dọ̀ wa nílé, wàá gbọ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kedere. Kó o máa ka ti General, ìpele tó tẹ̀ lé e, lọ: ìbéèrè 35, gba 26.

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ilé-Ifẹ̀. Kò sówó rédíò. Ṣé mo lè fojú rí nǹkan yìí kí n tó mọ̀ bóyá ó wù mí?"

O lè rí i lónìí, ọmọ mi. Yunifásítì Twente ní Netherlands ní rédíò kan tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, WebSDR ni wọ́n ń pè é. Ṣí i lórí fóònù, tẹ 14074, mú USB. Ohun tí wàá gbọ́ dà bí ogún ọmọdé tó jọ ń fọn fèrè, tí wọ́n á sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ laptop tí WSJT-X wà nínú rẹ̀, jẹ́ kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Orúkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. DT tí wàá rí á ga díẹ̀. O ti ka lẹ́tà Ọmọ Ìjẹ̀bú, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń wọ́ ẹsẹ̀.

Tó bá wá wù ọ́, ra RTL-SDR, rédíò agbọ́hùn kékeré bí ìka tó ń wọ ojú USB kọ̀ǹpútà. Bi wọ́n dáadáa pé ṣé ó ń gbọ́ shortwave, gbogbo wọn kọ́ ló ń gbọ́ ọ. Wáyà iná àtijọ́ tó bá tó mítà mẹ́wàá á ṣe é.

Ohun tí yóò bá ọ jà ni ariwo. Nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, mo gbé irú rẹ̀ kan dání lọ sí Mọ́níyà. Etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Gílóòbù LED, ṣájà fóònù, ínfátà ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo wọn ló ń hó lórí báńdì bí ẹní ń dín àkàrà. Mo ti fẹ́ kó o kúrò nílẹ̀ nígbà tí NEPA mú iná. Ẹ̀gbọ́n mi pòṣé, èmi rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀ ẹ́ kó pa ínfátà rẹ̀ ná. Báńdì pa lọ́lọ́. Bátìrì laptop nìkan ló ń ṣiṣẹ́, inú òkùnkùn ni mo jókòó sí, orúkọ ń tò wá: Jámánì, South Africa, Argentina. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ará ilé kejì fi tan jẹnẹrétọ̀, ó parí. Nítorí náà, ìgbà tí àwọn tó kù bá ń bínú pé iná lọ, ìwọ sáré lọ sídìí wáyà.

Wàá tún rí i pé lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ohùn tó ń bọ̀ á máa gbọ̀n rìrì. Ọ̀rọ̀ tiwa ni ìyẹn: ìlà àárín òòfà ayé gba òkè Nàìjíríà kọjá, ìpele òfuurufú tó wà lórí wa a máa hó nírọ̀lẹ́ bí omi orí iná. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn. Dúró kí alẹ́ lẹ́.

Gbígbọ́ ni mo sọ o. Èmi náà, gbígbọ́ nìkan ni mo ṣe ní Mọ́níyà, torí láísẹ́ǹsì Ìlú Ọba kọ́ ni láísẹ́ǹsì Nàìjíríà. Kó o tó fọhùn, gba tìrẹ lọ́dọ̀ ìjọba, kí wọ́n fún ọ ní àmì ìpè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Àwọn Nigerian Amateur Radio Society á júwe ọ̀nà. Inú àwọn tó ń kó àmì orílẹ̀-èdè jọ máa ń dùn láti rí 5N, wọ́n á ṣù bò ọ́ bí oyin.

"Bàbá Wáyà, ẹ̀yin náà ti bá wọn lọ. Láti 1978 ni mo ti ń fi Morse sọ̀rọ̀. Nígbà yẹn èèyàn á mọ bójú ọjọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, á mọ iye ọmọ rẹ̀. FT8 yín yìí, kọ̀ǹpútà ló ń kí kọ̀ǹpútà." (Alàgbà kan, Birmingham)

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jàre níbi apá kan ẹjọ́ náà. Mo ti sùn lọ lórí àga rí nígbà tí ará Ukraine kan ń dá mi lóhùn, ojú sì tì mí. Tó bá jẹ́ ìtàkúrọ̀sọ lẹ fẹ́, ó wà: PSK31, tí Peter Martinez, G3PLX, ará ìhín, gbé jáde ní 1998. Bí ẹ ṣe ń tẹ lẹ́tà ni ẹni kejì ń rí i, ibi tó sì ń gbà lórí báńdì fẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. 14.070 ló ń gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀ mọ́. Láti 2018 ni JS8Call náà ti dé, agbára FT8 ni wọ́n fi sídìí ìtàkúrọ̀sọ. Òwúrọ̀ Sátidé ni mo máa ń lọ síbẹ̀, mo sì ti mọ iye ọmọ ẹni méjì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bahia fún yín. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, lórí 21.074. PY6 ló bẹ̀rẹ̀ àmì ìpè rẹ̀, mo sì mọ ibi tí PY6 wà. Mo fún un ní -15, ó fún mi ní -11, RR73, ó yẹ kó parí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà lórí ìka: MO KI O BAHIA. Mẹ́tàlá géérégé. Mo fi ránṣẹ́. Mo dúró, kò sí nǹkan. Bóyá ó lọ ka ojú ìwé mi lórí QRZ, ojúlé tí àwọn oníham ń kọ ọ̀rọ̀ nípa ara wọn sí, níbi tí mo kọ ọ́ sí pé ọmọ Yorùbá ni mí, torí mo ti fẹ́ dìde kí èsì tó já bọ́: AXE IRMAO 73.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́kọ́ fi kà á. Àáké? Kí ni mo ṣe fún ọkùnrin yìí tó fi yọ àáké sí mi? Mo ti pe ìyàwó mi kó wá wò ó kí ojú mi tó là. Axé ni. Àṣẹ wa ni, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún, FT8 ló gé àmì orí rẹ̀ dànù. Irmão sì ni ọmọ ìyá.

Mo sáré tẹ ASE O padà. Ó ti ń bá ará Japan kan lọ.